Àwọn Obìnrin Méjì Tí Mo Sọ Di Ẹyọ Kan

Èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì náà. Mo fẹ́ kí ìyẹn ṣáájú, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ nígbà náà lè gbọ́ orúkọ ẹlòmíràn.

Ọsibítù ìjọba kan ní apá Bódìjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka àkọsílẹ̀. Àwa kì í ṣe nọ́ọ̀sì, a kì í sì í fún èèyàn lóògùn. Àwa là ń wà lẹ́yìn fèrèsé kékeré tí aláìsàn ń na káàdì rẹ̀ sí, tí à ń wọ yàrá lọ wá fáìlì rẹ̀ jáde kí dókítà tó rí i. Àdúgbò Challenge ni mò ń gbé. Mo máa ń wọ ọkọ̀ máíkírà dé Dùgbẹ̀, kí n tó wọ òmíràn sí Bódìjà, bí mo bá sì fi máa débẹ̀, ìlà èrò á ti gùn dé ìdí igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà.

Èmi àti bàbá kan la jọ wà ní yàrá fáìlì náà. Ọmọ Òkè-Ògùn ni wọ́n, wọ́n sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn kí n tó wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Oṣù díẹ̀ ló kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Bàbá kì í fi nọ́ńbà wá fáìlì. Bí èèyàn bá gbàgbé káàdì rẹ̀ sílé, wọ́n á wo ojú onítọ̀hún láti ẹ̀yìn fèrèsé, wọ́n á ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ gbé ọmọ tí omi gbígbóná jó wá léṣìí?" Wọ́n á wọlé, wọn ò sì ní pẹ́ jáde.

Ṣùgbọ́n mi ò ní torí ìyẹn sọ pé ìwé kò ní àbùkù. Eku jẹ púpọ̀ nínú àwọn fáìlì wọ̀nyẹn, òjò sì ba púpọ̀ jẹ́. Awakọ̀ kan wà tó máa ń wá láti Baṣọ̀run, ẹ̀ẹ̀mẹta la sọ fáìlì rẹ̀ nù. Nígbà àkọ́kọ́ ó pariwo. Nígbà kejì ó bẹ̀ wá. Nígbà kẹta ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí a kúkú máa kọ òun sílẹ̀ bí àlejò. Gbogbo ìgbà tí fáìlì rẹ̀ bá ti sọnù ni wọ́n máa ń tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbà, tí wọ́n á tún bi í ní ohun tó ti dáhùn tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n sọ pé kọ̀ǹpútà ń bọ̀, inú mi dùn. Mo rò pé èèyàn ò tún ní sọnù mọ́ wa lọ́wọ́.

Obìnrin kan ló wá láti Èkó wá kọ́ wa, onísùúrù èèyàn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi kọ́ wa nínú yàrá ìpàdé tí wọ́n ti tan jẹnẹrétọ̀ sí. Ẹ̀yìn pátápátá ni Bàbá jókòó sí. Àràárọ̀ ni wọ́n ń buwọ́ lùwé pé àwọn wá, ṣùgbọ́n awò ojú wọn kò jáde nínú àpò fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n pín páásíwọ́ọ̀dù fún wa, Bàbá kọ tiwọn sórí bébà pélébé, wọ́n sì nà án sí mi.

"Gbà á, ọmọ mi. Ìwọ ni kí o máa bá mi ṣe é."

Mo gbà á. Kò ṣe mí bí ẹni pé mò ń ṣe ohun tí kò dáa. Bí ẹ̀gbọ́n ẹni bá ń rìnrìn àjò, èèyàn a máa bá a tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ inú fáìlì sínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ńlá ni. Iná á lọ nígbà tí èèyàn bá ti kọ ojú ìwé kan dé ìdajì, a ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ dá wa dúró ni ọjọ́ ìbí. Ẹ̀rọ náà kì í jẹ́ kí a kọjá síwájú bí àyè ọjọ́ ìbí bá ṣófo. Kò yé e pé èèyàn lè wà láyé kó má mọ ọjọ́ tí wọ́n bí òun. Bí a bá bi màmá kan léèrè, á ní ọdún tí eṣú jẹ oko bàbá òun run ni. A ò rí ibi tí a ó kọ eṣú sí. Ni ọ̀gá wa bá ní kí a máa fi ojú díwọ̀n ọdún, kí a sì máa kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. Bí ọ̀pọ̀ arúgbó tó ń wá sọ́dọ̀ wa ṣe di ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ ọdún tuntun nìyẹn.

Nígbà tí a parí, ẹ̀rọ náà tú àtòkọ gígùn kan síta. Ó ní àwọn èèyàn wọ̀nyí, ó jọ pé ẹ̀ẹ̀mejì la kọ wọ́n sílẹ̀. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Awakọ̀ Baṣọ̀run nìkan wà níbẹ̀ lọ́nà mẹ́ta. Iṣẹ́ wa ni láti wò wọ́n ní méjì-méjì, kí a tẹ bọ́tìnnì tó ń dà wọ́n pọ̀ bí wọ́n bá jẹ́ ẹnìkan náà. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè rárá, pín àtòkọ náà fún wa. Wọ́n ní àwọn àlejò ìjọba ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ náà lópin oṣù, kò gbọdọ̀ ku ẹyọ kan. Mo ṣe tèmi tán. Mo wá fi páásíwọ́ọ̀dù Bàbá wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Bàbá máa ń ra ọsàn wá fún mi bí mo bá ti ń ṣe é, wọ́n á bó o, wọ́n á gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi.

Nínú ìpín Bàbá ni àwọn obìnrin méjì náà wà.

Orogún ni wọ́n, opó ni àwọn méjèèjì. Agbowó ni wọ́n ń gbé, nínú ilé tí ọkọ wọn fi sílẹ̀. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, orúkọ mùsùlùmí tó wọ́pọ̀. Nínú ilé, ìyẹn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ìyálé ni ìyálé ń jẹ́, ìyàwó sì ni ìyàwó. Lọ́dọ̀ wa pàápàá kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nígbà tó jẹ́ ìwé, torí Bàbá ti fi bírò pupa kọ ÀGBÀ sí ẹ̀yìn fáìlì kan, wọ́n kọ KÉKERÉ sí èkejì. Ìyálé ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyàwó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ṣùgbọ́n kò sí àyè fún ẹ̀yìn fáìlì nínú kọ̀ǹpútà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni orúkọ kan, orúkọ ọkọ kan, àdúgbò kan, nọ́ńbà fóònù ọmọkùnrin kan náà tó ń tọ́jú àwọn méjèèjì, àti ọjọ́ ọdún tuntun. Ẹ̀rọ ní ẹnìkan ni wọ́n. Mo gbà fún un.

Mo ti gbìyànjú láti rántí ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò rántí. Bóyá mò ń jẹ ọsàn lọ́wọ́ ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mò ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀.

Àwọn àlejò wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà kí ọjọ́ àyẹ̀wò ìyálé tó pé. Dókítà tó rí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́dọ̀ wa, kò mọ̀ wọ́n rí. Ó ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó rí ẹ̀jẹ̀ ríru, ó rí ìtọ̀ ṣúgà, ó sì rí oògùn méjèèjì. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo oògùn wọn déédéé. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ bó ṣe rí i. Ìyálé rí i pé oògùn náà pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n dókítà ló kọ ọ́, wọn kì í sì í ṣe ẹni tí ń bá dókítà jiyàn.

Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni ìyálé máa ń gba ààwẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n lo oògùn náà pẹ̀lú oúnjẹ sààrì, wọn ò sì tún fi nǹkan kan kan ẹnu. Nígbà tó di ọ̀sán, ìyàwó bá wọn nídìí abọ́ ìfọṣọ. Wọ́n ń làágùn bí ẹni tí òjò pa, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì ń sọ ohun tí kò nítumọ̀. Ẹlòmíràn á ti pariwo pé ayé ti ṣe é. Ìyàwó kò pariwo. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní ìtọ̀ ṣúgà, àwọn nọ́ọ̀sì sì ti kọ́ wọn bí ara ṣe ń rí bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ jù. Wọ́n fi oyin ra ìyálé lẹ́nu, wọ́n tún fi ra wọ́n lẹ́nu. Ìyálé ń fi ọwọ́ tì í kúrò, wọ́n ń sọ pé àwọn wà nínú ààwẹ̀.

"Mo ní Ọlọ́run rí wa," ni ìyàwó sọ fún wa lẹ́yìn náà. "Mo ní bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà níbẹ̀, kí Ó kọ ọ́ sí mi lọ́rùn."

Wọ́n gbé ìyálé wá sí ọsibítù wa, wọ́n fa omi sí wọn lára, wọ́n sì dá wọn dúró. Ìyàwó padà sílé lọ kó aṣọ tí wọ́n máa lò. Ibi tí wọ́n ti ń kó aṣọ ni wọ́n ti rí ọ̀rá oògùn ìyálé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n wá sí ojú fèrèsé wa. Wọn ò tò sórí ìlà, kò sì sẹ́ni tó bá wọn wí. Wọ́n gbé ọ̀rá méjì kalẹ̀ níwájú Bàbá.

"Ẹ bá mi wò ó. Tèmi nìyí, ti ìyálé mi nìyí. Ìgbà wo ni àwọn náà di oníṣúgà?"

Bàbá mú awò ojú wọn jáde, wọ́n wo ọ̀rá kan, wọ́n wo èkejì. Wọ́n ní kí n ṣí i nínú kọ̀ǹpútà. Mo kọ orúkọ náà síbẹ̀. Ẹyọ kan ló jáde.

"Èkejì ńkọ́?" ni Bàbá bi mí.

Mo ti rí i nísàlẹ̀ ojú ìwé náà pé a ti da méjì pọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dà wọ́n pọ̀ wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó ṣe é náà sì wà níbẹ̀. Orúkọ Bàbá ni.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n fún Bàbá ní kúẹ́rì. Ìwé náà ní kí Bàbá fi ọjọ́ mẹ́ta dáhùn, kí wọ́n sọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n fìyà jẹ wọ́n. Ọ̀gá wa fúnra wọn ló mú un wá, wọ́n sì nà án sí Bàbá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Mo dákẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo sọ fún ara mi pé Bàbá ti ń fẹ̀yìn tì, kò sí ohun tí kúẹ́rì máa ṣe fún wọn, pé èmi ni mo ṣì ní ọdún púpọ̀ níwájú, pé orúkọ mi wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé ga. Ẹni tó bá ń wá àwáwí kì í wá a tì. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé irọ́ ni. Owó ìfẹ̀yìntì ẹni tó bá ní ẹjọ́ lọ́rùn lè há, gbogbo wa la mọ ẹni tó ti ṣẹlẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo bá Bàbá lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn yàrá fáìlì. Ìwé náà wà lórí itan wọn, wọn ò tíì kọ nǹkan kan.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ kọ síbẹ̀?"

"Mò ń rò ó. Bí mo bá ní èmi ni mo ṣe é, irọ́ ni. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan nǹkan ọ̀hún. Bí mo bá sì ní mi ò mọ̀ ọ́n lò, wọ́n á ní kí ló dé tí mo fi buwọ́ lùwé pé mo kọ́ ọ."

"Ẹ dárúkọ mi, sà."

Wọ́n wò mí. Kì í ṣe ìwò ìbínú.

"Èmi kọ́ ni màá dárúkọ rẹ. Orúkọ rẹ wà lẹ́nu tìẹ."

Wọ́n ká ìwé náà, wọ́n tì í bọ àpò, wọ́n sì wọlé lọ bá àwọn tó wà lójú fèrèsé.

Mi ò lè sọ pé mo pinnu lójú ẹsẹ̀. Mo wọ máíkírà lọ sílé, mo se oúnjẹ, mo jẹun. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá wa kí n tó dé ìdí iṣẹ́ mi rárá. Mo sọ gbogbo rẹ̀, látorí bébà pélébé títí dé orí bọ́tìnnì. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n dé bírò wọn, wọ́n tún ṣí i.

"Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ló yẹ kí o ti sọ èyí," ni wọ́n wí. "Lọ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ojú ìwé méjì ni mo kọ. Wọ́n gba kúẹ́rì àkọ́kọ́ padà lọ́wọ́ Bàbá, wọ́n wá fún wọn ní ìwé ìkìlọ̀ nítorí pé wọ́n fún ẹlòmíràn ní páásíwọ́ọ̀dù. Bàbá fẹ̀yìn tì lásìkò tó yẹ kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Èmi, wọ́n yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé ga, wọ́n sì ní kí n múra sílẹ̀, àwọn máa gbé mi lọ sí ibòmíràn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀rọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń da èèyàn méjì pọ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n. Ọ̀gá wa ní láti kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é, àwọn yẹn kọ̀wé padà pé kò sí irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀, pé kí a dá ìyálé sílẹ̀ bí ẹni tuntun. Bàbá ló wá fáìlì ìwé méjèèjì jáde nínú páálí tí a ti dì láti gbé lọ. Èmi ni mo tún kọ gbogbo rẹ̀ wọlé, pẹ̀lú orúkọ tèmi.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo lọ sí Agbowó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan. Ilé wọn kò jìnnà sí títì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì gba púpọ̀ nínú yàrá rẹ̀. Ìyálé jókòó sórí àga oníke níwájú ilé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ìyàwó wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, èmi ni mo da ìwé yín pọ̀ mọ́ ti ìyàwó yín. Kì í ṣe Bàbá, kì í ṣe dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Ìyálé ò gbójú sókè. Wọ́n ju òkúta kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé o mọ̀ mí tẹ́lẹ̀?"

"Mo máa ń rí yín lójú fèrèsé, màmá."

"O sì mọ òun náà?"

"Mo mọ̀ wọ́n, mà."

"Hùn-ún." Wọ́n tún ju òkúta mìíràn. "Mo ti ń rò ó pé ẹni tí kò mọ̀ wá rí ló ṣe é."

Ìyàwó ló dá sí i.

"Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń bá wọn du ipò nínú ilé yìí," ni wọ́n wí. "Ìwọ fi ìka kan ṣe é." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n fi etí aṣọ nu ojú. Ìyálé ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n dìde, kí n jókòó, wọ́n sì ní kí wọ́n fún mi lómi. Mo mu ún. Wọ́n ní àwọn ti forí jì mí, pé Ọlọ́run ló ń forí jini jùlọ. Wọn ò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàánú mi. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń parí iṣẹ́ kan.

Ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí Ring Road ni wọ́n gbé mi lọ. Ó sún mọ́ ilé mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ náà, irú àtòkọ yẹn sì máa ń jáde. Mo máa ń fóònù sí olúkúlùkù kí n tó tẹ nǹkan kan. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá mi níbẹ̀ ní iṣẹ́ mi ti falẹ̀ jù, òótọ́ ni, ó falẹ̀.

Ó tó ọdún kan kí n tó tún rí ìyàwó. Dùgbẹ̀ la ti pàdé, níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀. Mo bèèrè ìyálé.

"Ara wọn le," ni wọ́n dáhùn. "Ṣùgbọ́n wọn ò padà sí ọsibítù Bódìjà mọ́. Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa ló ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn báyìí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ra oògùn."

"Ṣé kò sí bí ẹ ṣe lè bá wọn sọ ọ́, mà? Ìwé tuntun ti wà fún wọn. Kò lè dàrú mọ́."

"Mo sọ ọ́ títí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́." Wọ́n gbé báàgì wọn láti ọwọ́ kan sí èkejì. "Èmi ṣì ń lọ ní tèmi o. Ibo ni mo fẹ́ lọ?"

Mo ní kí wọ́n bá mi kí ìyálé. Wọ́n ní àwọn á jíṣẹ́. Máíkírà tó ń lọ sí Agbowó ti dé, ó ku ẹnìkan kó kún, wọ́n sì wọlé.